Bátìrì sólà mi kò pé oṣù mẹ́fà tó fi kú, ẹni tó tà á ní kò kan òun. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìsọ̀kùn | Ọjọ́ Ajé, 6:52 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, oorun kò kun ojú mi láti ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹja dídì ni mo ń tà, ní Ìsọ̀kùn, ní Iléṣà níbí. Nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n kọjá àfaradà, tó jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń gba gbogbo èrè mi, mo kó owó àjọ mi, mo tún yá lọ́wọ́ àbúrò mi, mo ra sólà ní oṣù Kejì. Páńẹ́lì mẹ́rin, ínfátà kan, bátìrì olómi méjì tí wọ́n kọ 220Ah sí lára. ₦1,680,000 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi náà ló wá so ó.

Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ayọ̀ ni. Ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, ẹja á ṣì le bí òkúta. Nígbà tó di oṣù Keje, ínfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì-píì ní aago 11 alẹ́. Ní báyìí, aago 9 kì í lù kó tó kú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ṣí fíríísà láàárọ̀, omi pupa ló ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Páálí Títùs mẹ́ta ti rọ̀, ojú ẹja ti jìn wọnú. Èyí tó ṣì ṣeé yan, mo yan án. Ìyókù, mo gbẹ́ ilẹ̀, mo bò ó mọ́lẹ̀.

Mo lọ bá ọkùnrin yẹn. Ó ní ínfátà ló ní wáráǹtì, bátìrì kò ní. Ó ní èmi ni mo lo bátìrì nílòkulò. Ìlà kan péré ló wà nínú rìsíìtì tó fún mi: "Sólà kọ̀ǹplíìtì. Owó pé. Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà."

Ṣé kí n lọ wá owó bátìrì mìíràn ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

Àdìó Modákẹ́kẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 7:20 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà. Irú rẹ̀ ṣe èmi náà ní 2024. Ẹ má fi ọjọ́ ṣòfò. Ó ti kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé òun kì í gba ọjà padà, ẹ sì gba rìsíìtì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ ti tán nìyẹn. Ẹ ra bátìrì lítíọ́ọ̀mù, ẹ gbàgbé bátìrì olómi. Bí inú bá ń bí yín, ẹ kọ̀wé sí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, ṣùgbọ́n n kò rò pé wọ́n á dá yín lóhùn.

Agbẹjọ́rò Lágere | Ọjọ́ Ajé, 8:31 àárọ̀

Ìyá, ẹ kú àdánù. Àdìó, ẹjọ́ kò tíì tán rárá, NERC kọ́ ló sì ni ín. Ilé iṣẹ́ tó ń pín iná àti àwọn tó ń ta iná sólà fún odindi abúlé ni NERC ń bójú tó. Ẹni tó ta bátìrì nínú ṣọ́ọ̀bù kò sí lábẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan FCCPC, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, àti SON, àjọ tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò.

Òfin tó wà nílẹ̀ ni FCCPA 2018, òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019. Ó ní kí ọjà dára, kó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, kó sì lálòpẹ́ títí dé ìwọ̀n ìgbà tó bójú mu. Kò sọ pé àfi bí ọlọ́jà bá fún ọ ní wáráǹtì. Ẹ̀tọ́ yìí ti wà lára ọjà kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò láti kọ rìsíìtì. "A kì í gbà á padà" tí wọ́n ń kọ sára ògiri àti sára rìsíìtì, FCCPC ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé kò bófin mu bí ọjà bá ní àbùkù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o: bí ọjà bá dára, tó jẹ́ pé ọkàn rẹ ló kàn kúrò lára rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀.

Èyí tó kan Ìyá jù lọ rèé. Bí o bá sọ ohun pàtó tí o fẹ́ fi ọjà ṣe fún ọlọ́jà, tí ọjà dé tí kò lè ṣe é, òfin yẹn fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà láàárín àkókò tó mọ́gbọ́n dání. Torí náà mo fẹ́ bi yín: ǹjẹ́ ẹ sọ fún un kí ẹ tó sanwó pé ẹja lẹ fẹ́ fi dì? Ẹ̀rí wà? Àtẹ̀jíṣẹ́, ohùn orí WhatsApp, ohunkóhun?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí fóònù yín.

Ẹnjiníà Òkèsà | Ọjọ́ Ajé, 12:44 ọ̀sán

Iṣẹ́ sólà ni mo ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án. Èmi kọ́ ni mo tà á fún Ìyá, n kò sì mọ ẹni tó tà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ọlọ́jà náà, torí ọ̀pọ̀ bátìrì tí wọ́n ń pè mí wá wò, ìlò ló pa á.

Ẹ bá mi ṣírò. Bátìrì 12V 220Ah kan, bí ẹ bá sọ 12 di ọ̀nà 220, wáàtì-wákàtí 2,640, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, ló wà nínú rẹ̀ lórí ìwé. Méjì jẹ́ 5,280. Bátìrì olómi, ìdajì ni kí ẹ máa lò nínú rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ó ku 2,640. Ínfátà á yọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé 2,200 ló dé ọ̀dọ̀ fíríísà. Fíríísà 150 wáàtì tó ń ṣiṣẹ́ nǹkan bí ìdajì àkókò, láti aago 6 ìrọ̀lẹ́ sí aago 7 àárọ̀, á jẹ 975. Méjì á jẹ 1,950. Ó wọlé, ó kù díẹ̀. Mẹ́ta á jẹ 2,925, bátìrì ti ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn. Lóru ọjọ́ kan, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún òru, ó ti bàjẹ́.

Ìyá, fíríísà mélòó lẹ ní? Ṣé ẹ sì ń bu omi bátìrì sí i?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìsọ̀kùn | Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Òótọ́ ni n ó sọ. Méjì ni mo ní nígbà tó so ó. Lẹ́yìn Àjíǹde ni mo fi ẹ̀kẹta kún un, torí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta adìẹ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé méjì ni òpin. Ti omi bátìrì, òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Mo wá ohùn náà, mo rí i. Ọjọ́ 9 oṣù Kejì ni. Mo ní: "Bọ̀dá, ẹja ni mo fẹ́ fi dì o, fíríísà méjì, bóyá n ó fi ẹyọ kan kún un bí ọjà bá gbè mí." Ó fèsì pé: "Kò séwu, Mà. Á gbé e dáadáa, kódà bó jẹ́ mẹ́rin."

Agbẹjọ́rò Lágere | Ọjọ́ Ajé, 1:26 ọ̀sán

Ìyá! Ẹ fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ yín lójú ẹsẹ̀, kó lè wà níbi méjì.

Ẹnjiníà Òkèsà | Ọjọ́ Ajé, 1:41 ọ̀sán

Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ẹni tó bá fi bátìrì méjì ṣèlérí fíríísà mẹ́rin kò ṣírò rárá, ẹni tó bá sì ta bátìrì olómi láìsọ̀rọ̀ omi rẹ̀ kò parí iṣẹ́. Oníbàárà kọ́ ló yẹ kó mọ ìyẹn, àwa ni. Ẹ yọ fíríísà kẹta kúrò lónìí, Mà, ẹjọ́ ì báà bọ́ sí ibi tó bá bọ́ sí.

Bàbá Kòkó Ìmọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú àpérò. Kòkó ni mo ń rà, n kò mọ wáàtì. Ohun tí mo mọ̀ ni ìwọ̀n.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ra bátìrì olómi méjì sílé, 220Ah náà ni wọ́n kọ sí i. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló gbé ọ̀kan kúrò nínú ọkọ̀, tó gbé e gun àtẹ̀gùn, tí kò sì mí hẹlẹ. Ara mi kò gbà á. Bátìrì tó wà ní sítọ́ọ̀ mi láti 2019, géńdé méjì ló máa ń dìídì gbára jọ kí wọ́n tó sún un. Mo ní kí wọ́n gbé méjèèjì tọ̀ mí wá. Mo gbé ọ̀kan sórí ìwọ̀n tí a fi ń wọn kòkó. Ọwọ́ ìwọ̀n lọ, ó gbọ̀n díẹ̀, ó dúró sórí 39 kílò. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo tún un gbé, 39 náà ni. Èkejì jẹ́ 40. Mo wá gbé tèmi tí mo ti ń lò láti 2019 sí i: 63.

Àpò kòkó kan, kílò 62 àti ààbọ̀ ni. Mẹ́rìndínlógún ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Bátìrì gidi tó àpò kòkó, ti ọmọ mi kò súnmọ́ ọn. Òjé ló ń mú kí bátìrì wúwo. Bí òjé bá sọnù níbẹ̀, kí ló fẹ́ di iná mú?

A gbé e padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú fọ́tò ìwọ̀n. Ẹni tó tà á kò bá wa jà. Ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó san owó náà padà, ó pín in san lẹ́ẹ̀mejì.

Àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí mọ ohun tí ìwọ̀n èké ń fi ojú ènìyàn rí. Mo mọ àwọn bàbá tó fi gbogbo ayé wọn gbin kòkó, tí wọ́n kú láìmọ iye kílò tí wọ́n tà gan-an. Ìyá, ẹ gbé bátìrì yín wá sí Ìmọ̀ ní Ọjọ́rú. N kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Ẹnjiníà Òkèsà | Ọjọ́ Ajé, 4:38 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n tún ibì kan ṣe kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé ẹ̀sùn èké lọ bá ọlọ́jà. Bátìrì olómi tí wọn kò tíì rọ ásíìdì sí, ó máa ń fúyẹ́. Ásíìdì nìkan lè lé ní 20 kílò. Kí ẹ rí i pé omi inú rẹ̀ dé ojú àmì kí ẹ tó gbé e sórí ìwọ̀n.

Bàbá Kòkó Ìmọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ásíìdì wà nínú ti ọmọ mi. Mo rí àmì pupa tó ń léfòó lójú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n ó dáa bẹ́ẹ̀, a ó bu omi sí ti Ìyá kí a tó wọ̀n ọ́n.

Ẹnjiníà Òkèsà | Ọjọ́ Ajé, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Bí a ṣe ń wọn bátìrì náà la lè wọn páńẹ́lì, pẹ̀lú tépù télọ̀ lásán. Nígbà tí oòrùn bá mú jù, ohun tó ń bọ́ sórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ nǹkan bí 1,000 wáàtì. Páńẹ́lì tó dára ń mú nǹkan bí 20 sí 22 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Torí náà, èyí tí wọ́n bá kọ 550 wáàtì sí máa ń gùn tó mítà 2.28, á sì fẹ̀ tó 1.13. Bí ẹ bá rí "550" lára páńẹ́lì tí kò ga ju ọmọ iléèwé lọ, irọ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Olùkọ́ Parakin | Ọjọ́ Ajé, 8:10 alẹ́

Mo fẹ́ sọ ti àwa tí a kò ní owó gọbọi lọ́wọ́, tí a ń san án díẹ̀díẹ̀. Ní Ifẹ̀ níbí, mo gba sólà kékeré: páńẹ́lì kan, gílóòbù mẹ́rin, tẹlifíṣọ̀n kékeré. Àsansílẹ̀ kan, lẹ́yìn náà iye kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù 24. Bí n kò bá san, wọ́n á tì í pa láti ibi tí wọ́n wà. Kò dùn mí, àdéhùn ni. Ohun tó dùn mí nìyí: lóṣù kọkànlá mo jókòó ṣírò, mo rí i pé ₦312,000 ni n ó san lórí ohun tí wọ́n ń tà ní ₦185,000 fún ẹni tó bá san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnikẹ́ni kò pe ₦312,000 yẹn sí mi létí rí. "Iye kékeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀" nìkan ni mo ń gbọ́. Nígbà tí bátìrì rẹ̀ tún bàjẹ́, tí mo ń dúró dè wọ́n fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, owó ọ̀sẹ̀ ṣì ń ka lọ.

Àwọn baba wa Òṣómàáló gbé aṣọ àwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Òṣó ni wọ́n ń ló sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n títí owó fi jáde. Ẹni tó bá ra aṣọ lọ́wọ́ wọn mọ iye tó jẹ lọ́jọ́ tó rà á, ó sì ti fi ọwọ́ tẹ aṣọ náà wò. Àwọn tòní ń ti iná pa láti ọ̀nà jíjìn, n kò sì mọ ẹnu ọ̀nà tí mo lè ló òṣó sí.

Àwọn ilé iṣẹ́ sólà kékeré ní ẹgbẹ́ kan káàkiri àgbáyé tó ń jẹ́ GOGLA. Wọ́n ṣe ìlànà mẹ́fà nípa bó ṣe yẹ kí wọ́n bá oníbàárà lò, pé kí wọ́n sọ gbogbo owó ní gbangba, kí ọjà dára, kí àtúnṣe yá, kí wọ́n má fi ìwífún oníbàárà ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wù ló ń tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá wù, kò sí ìyà kankan fún un.

Ìyàwó Ìpetu | Ọjọ́ Ajé, 9:03 alẹ́

Olùkọ́, ẹ má fi ti ẹyọ kan ba gbogbo wọn jẹ́. Èmi náà san díẹ̀díẹ̀, wọ́n kọ àpapọ̀ owó sójú ewé kìíní. Nígbà tí gílóòbù kan kú, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Kí ènìyàn tó gbà á, kó wò ó bóyá VeraSol, ètò tó ń yẹ ojúlówó sólà kékeré wò, ti dán an wò. Orúkọ èyí tó yege wà lórí ìkànnì wọn.

Mo tún fẹ́ sọ ti iná sólà alábúlé, torí mo ti gbé níbi tó wà. NERC ti ṣe ìlànà rẹ̀ láti 2016, wọ́n sì tún un ṣe ní 2023. Ilé iṣẹ́ kò kàn lè dédé gbé owó iná lé ènìyàn lórí. Ó lè lo ìṣirò NERC, tàbí kó bá àwọn ará ìlú fohùn ṣọ̀kan, kí àwọn oníbàárà tó ń lo 60 nínú ọgọ́rùn-ún iná náà fọwọ́ sí i. Ní abúlé tí mo ti ṣe olùkọ́, ìpàdé ìfọwọ́sí yẹn ti wáyé, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ka ìwé. Àwọn ìyá elélùbọ́ tẹ ìka, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ariwo bẹ̀rẹ̀. FCCPA ní kí a fi ọ̀rọ̀ tó yé ènìyàn bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ìwé àdéhùn ní Yorùbá kò yẹ kó jẹ́ ohun tí a ń tọrọ.

Agbẹjọ́rò Lágere | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀

Mo ka ti Olùkọ́ àti ti Ìyàwó Ìpetu lóru, mo sì fẹ́ kí a sọ ti ìjọba síta. Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó iná Band A, ti àwọn tó yẹ kó máa rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, sí ₦225 ní kílówáàtì-wákàtí kan. Àwọn ìpinnu wọ̀nyí ló lé wa sínú sólà. Ẹni tó bá lé ènìyàn wọ ọjà, kó yẹ ọjà náà wò. SON ní ìlànà fún páńẹ́lì, IEC 61215 ni wọ́n ń pè é. Ti bátìrì lítíọ́ọ̀mù, IEC 62619. Kí ohun tí kò bá ní ìwé rẹ̀ má kọjá etíkun.

Ẹnjiníà Òkèsà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:12 àárọ̀

Agbẹjọ́rò, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mo takò yín níbẹ̀. Bí ẹ bá ti etíkun pa, ọjà tó kù á wọ́n. Ẹni tó ní ₦400,000 kò ní rí sólà rà mọ́, á padà sídìí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá. Páńẹ́lì tókunbọ̀ ni mo fi so ti ìyá mi, ọdún karùn-ún rèé, ó ń ṣiṣẹ́. Àwa tí a ń so ó náà, a kì í mọ ohun tó wà nínú bátìrì nígbà mìíràn. Èkó ni a ti ń kó o, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni a ń kà bíi tiyín. Mo ti fi owó ara mi san bátìrì ayédèrú méjì fún oníbàárà, ẹni tó tà á fún mi l'Ékòó kò gbé fóònù mọ́.

Agbẹjọ́rò Lágere | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:40 àárọ̀

Ẹni tó fi ₦400,000 ra ayédèrú kò ra sólà, Ẹnjiníà. Ó ju ₦400,000 nù ni, á sì tún padà sídìí jẹnẹrétọ̀ náà, á wá máa sọ fún gbogbo àdúgbò pé irọ́ ni sólà. Èmi ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn ní Lágere.

Olùkọ́ Parakin | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:17 ọ̀sán

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sọ òótọ́, ṣùgbọ́n tókunbọ̀ àti ayédèrú kì í ṣe ohun kan náà. Tókunbọ̀ tí o sọ pé tókunbọ̀ ni, tí o tà á ní owó tókunbọ̀, kí ló burú níbẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ni irọ́ ara bébà.

Agbẹjọ́rò Lágere | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:30 ọ̀sán

Òfin ti sọ ìyẹn náà, Olùkọ́. FCCPA ní kí ẹni tó ń ta ọjà tí wọ́n ti tún ṣe lẹ àkọlé tó hàn gbangba mọ́ ọn pé bó ṣe rí nìyẹn. Mo gbà pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ká tó ti etíkun pa. Ẹnjiníà, òfin yẹn kan ẹni tó ta ọjà fún yín náà. Ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ara bátìrì kọ̀ọ̀kan l'Ékòó, kí ẹ lè rí ohun dì mú. Òfin Iná Mànàmáná 2023 tún fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti ṣe òfin iná tiwọn. Ẹni tó bá mọ aṣòfin wa ní Òṣogbo, kó sọ fún un pé ẹ̀tọ́ ẹni tó ń ra sólà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Àdìó Modákẹ́kẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:25 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti àná. Lítíọ́ọ̀mù tí mo ní kí Ìyá rà ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà ṣeé wọ̀n?

Ẹnjiníà Òkèsà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:01 alẹ́

Ìwọ̀n nìkan kò tó fún un. Àwọn kan ń tú bátìrì ọkọ̀ oníná tó ti gbó, wọ́n á kó o sínú àpótí tuntun, wọ́n á kọ "100Ah" sí i. Aago ni kí o fi dán an wò. Bátìrì 25.6V 100Ah jẹ́ 2,560 wáàtì-wákàtí. Gba agbára sí i títí yóò fi kún, yọ páńẹ́lì kúrò, tan gílóòbù tàbí fáànù tó jẹ́ 200 wáàtì lápapọ̀, kí o wo aago. Bó bá ṣe gidi, á gbé e tó wákàtí 10 sí 11, torí ínfátà á jẹ díẹ̀. Bó bá kú ní wákàtí karùn-ún, ìdajì ni wọ́n tà fún ọ. Kọ ọ́ sínú rìsíìtì kí o tó sanwó pé o máa dán an wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọlọ́jà tí kò bá gbà, fi í sílẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìsọ̀kùn | Ọjọ́bọ̀, 8:55 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi.

A lọ sí Ìmọ̀ lánàá. Ọmọ Ẹnjiníà wá bu omi sí i títí àmì pupa fi gòkè. Bátìrì kìíní jẹ́ 44 kílò, èkejì 43. Bàbá fúnra wọn ló ya fọ́tò, wọ́n ní kí ọwọ́ ìwọ̀n àti nọ́ńbà ara bátìrì jọ hàn nínú fọ́tò kan náà.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé àpótí ìjókòó tí mo fi ń ta ẹja, mo lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn kó tó ṣílẹ̀kùn. N kò pariwo. Mo kí i, mo jókòó. Bí oníbàárà kan bá dé, n kò sọ̀rọ̀, mo kàn wà níbẹ̀. Nígbà tó di aago 11, ó ní kí n wọlé. Mo fi fọ́tò hàn án, ó ní ìwọ̀n kòkó kọ́ ni wọ́n fi ń wọn bátìrì. Mo wá tẹ ohùn ọjọ́ 9 oṣù Kejì, mo gbé e sókè. "Kódà bó jẹ́ mẹ́rin." Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dákẹ́, wọ́n ń wo ilẹ̀. Òun náà jókòó. Ó ní kí n fún òun di Satidé.

Agbẹjọ́rò Lágere | Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́

Mo kí yín kú akin, Mà. Ẹ má gba bátìrì tuntun láìsí rìsíìtì tuntun. Kí ó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́, irú bátìrì, nọ́ńbà ara ọ̀kọ̀ọ̀kan, iye fíríísà tó lè gbé, àti wáráǹtì oṣù 12. Bí ó bá kọ̀, ẹ fi gbogbo ẹ̀rí yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, n ó bá yín kọ ẹ̀sùn sí FCCPC lórí ìkànnì wọn, n kò ní gbowó.

Bàbá Kòkó Ìmọ̀ | Ọjọ́bọ̀, 9:30 alẹ́

Kí ó gbé tuntun gba ọ̀dọ̀ mi kó tó dé Ìsọ̀kùn.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ìsọ̀kùn | Ọjọ́ Satidé, 7:40 alẹ́

Ó gbé e dé. Bátìrì méjì, a kọ́kọ́ gbé e gba Ìmọ̀: 62 àti 64. Ó kọ rìsíìtì bí Agbẹjọ́rò ṣe ní kó kọ ọ́, ó sì kọ "fíríísà méjì" sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí n fi ₦70,000 kún un torí fíríísà kẹta tí mo gbé sí i. Ẹnjiníà sọ fún mi lórí fóònù pé ó bójú mu, mo san án. Ẹ̀kẹta wà ní pípa títí n ó fi rówó bátìrì méjì sí i.

Bátìrì àtijọ́, ó fẹ́ gbé e lọ, mo ní kó kọ ọ́ pé òun gbà á, kó má bàa di pé wọ́n tún un kùn fún ẹlòmíràn. Ó kọ ọ́.

Owó páálí ẹja mẹ́ta kò tíì jáde o. Ó ní òun á rò ó. Mo ní kò burú, n ó wá gbọ́ èsì lọ́jọ́ Ajé. Àpótí mi ṣì wà nínú ọkọ̀.